Ẹ Bi Onísáfà: Ta ló ń jẹ CPU gbogbo wa?

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí: sáfà kan, èèyàn púpọ̀, ẹnì kan á gbé kúẹ̀rì (ìbéèrè tí à ń bi dátábéèsì) kan kalẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ti ará Ilésà ni mo fi ṣíwájú, mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí ó kọ gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀ síbẹ̀: iye core (apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ẹ̀dà tó ń lò, ọjọ́ tí wàhálà máa ń dé, àti ohun tó ti gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́. Ẹni tó kọ “sáfà mi ń falẹ̀, kí ni kí n ṣe?” tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kí n kí i kú ìfaradà ló kù fún mi.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀kun ní Ilésà ni mo wà. Sáfà kan ṣoṣo ni mò ń bójú tó, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló sì ń lò ó: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, ilé ìtajà oògùn kan, àti ilé-ẹ̀kọ́ kan. SQL Server 2019 Standard, ètò dátábéèsì ti Microsoft, ni, core mẹ́jọ, RAM 32 GB. Kálukú ló ní dátábéèsì tirẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ 25 oṣù, akáǹtáǹtì ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa rípọ́ọ̀tì èlé àti ti gbèsè, àwọn ọmọ tó ń ta oògùn ò sì ní lè tẹ rìsíìtì jáde mọ́. Àwọn kọ́sítọ́mà á tò sílẹ̀, ọ̀gá á máa pè mí. Mo kà nípa Resource Governor, ohun tó ń pín CPU fún àwọn tó ń lo SQL Server, mo sì dán an wò lórí ẹ̀dà Developer tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi nílé. Mo fi MAX_CPU_PERCENT sí 20 fún akáǹtáǹtì, mo fa rípọ́ọ̀tì náà, CPU ṣì gun òkè lọ sí 97! Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Àbí kí n sọ fún ọ̀gá kí wọ́n ra Enterprise, ẹ̀dà tó wọ́n ju Standard lọ? Sa, orúkọ ọ̀gá tó ní gbogbo àṣẹ lórí sáfà, ni gbogbo wa fi ń wọlé, bí ìyẹn bá kan ọ̀rọ̀ náà.
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Ìsọ̀kun

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ kú làálàá. Gbólóhùn tí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá yẹn, ti sa, òun gan-an ló kàn mí jù. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Wọn ò parọ́ fún yín. MAX_CPU_PERCENT ò sọ pé “má kọjá ibí.” Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹlòmíì bá tún ń wá CPU, kí ẹni yìí sún sẹ́yìn dé 20. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí láptọ́ọ̀pù yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí olóògùn tó ń tẹ rìsíìtì, kò sí òbí tó ń wo èsì ọmọ rẹ̀. Sáfà rí i pé ààyè ṣófo, ó fi í sílẹ̀ fún rípọ́ọ̀tì yín. Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ fi login méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan wà nínú pool (ìpín CPU) tó ní 20, kí èkejì wà ní default (ìpín tí ẹni tí a ò yàn síbì kan máa ń bọ́ sí), kí ẹ wá gbé iṣẹ́ tó le fún àwọn méjèèjì. Kí iṣẹ́ náà sì pọ̀ tó láti kún gbogbo core o, torí orí core kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń du CPU mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kúẹ̀rì kan tó wà lórí core àkọ́kọ́ àti òmíì tó wà lórí core karùn-ún ò ní dí ara wọn lọ́wọ́ rárá, ẹ ó wá tún kọ̀wé sí mi pé irọ́ ni.

Èyí tí ẹ rò pé ẹ ń kọ, CAP_CPU_PERCENT ló ń jẹ́. Resource Governor fúnra rẹ̀ bá SQL Server 2008 dé, ṣùgbọ́n CAP ò dé àfi ní 2012. Ẹni tí ẹ bá fi CAP 20 fún, bí sáfà tilẹ̀ ṣófo gbáú, 20 náà ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ibi iṣẹ́ bíi tiyín. Kí ló dé tí akáǹtáǹtì á fi máa rákò láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí olóògùn ti tìlẹ̀kùn lọ sílé, tí core tó kù sì jókòó lásán? Ẹni tó ń fi sáfà háyà fún àwọn ẹlòmíì ni CAP wúlò fún. Tí kò bá sí i, oníbàárà tó kọ́kọ́ dé á gbádùn gbogbo ẹ̀rọ lóṣù kìíní, àwọn mẹ́sàn-án míì á dé lóṣù kẹta, á sì ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ má ra Enterprise. Core ni wọ́n fi ń tà á, kò sì sí bí ẹ ṣe lè ra èyí tó dín ní core mẹ́rin. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Standard. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yín ni pé ẹ̀dà Developer ní gbogbo ohun tí Enterprise ní, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ gidi kà á. Standard 2019 yín ò ní Resource Governor, 2022 náà ò ní in. Inú SQL Server 2025 ni wọ́n ti wá fi í sínú Standard. Bí owó bá ń yọ ọ̀gá lẹ́nu láti ná, ibẹ̀ ni kí ó ná an sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó kù, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní nílò rẹ̀.

Ó wá ku sa. Ìgbà tí èèyàn bá ń wọlé ni Resource Governor máa ń yàn án sí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Fọ́ńkíṣọ̀n kan tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ sínú master, dátábéèsì àgbà SQL Server, ló ń wo orúkọ login, tàbí orúkọ ètò tí ẹni náà fi wọlé, tàbí orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tó sọ ibi tó ń lọ. Bí gbogbo yín bá ń jẹ́ sa, báwo ló ṣe fẹ́ mọ akáǹtáǹtì yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ta Paracetamol? Kò síbi tí wọ́n ti lè dín oúnjẹ ẹni tí wọn ò dá mọ̀ kù. Yàtọ̀ sí ti CPU, sa lè pa dátábéèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ tó dúró ní kántà sì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ dá login mẹ́ta sílẹ̀, ó kéré tán: egbe_rpt, oogun_app, ileeko_app. Kí ẹ tó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù sa, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú, torí ètò kan tí gbogbo yín ti gbàgbé máa wà níbì kan tó ṣì ń lò ó, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ 25 bá tún dé tí ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ bi sáfà léèrè:

SELECT r.session_id, s.login_name, r.status, r.cpu_time, r.dop, r.wait_type, t.text
FROM sys.dm_exec_requests r
JOIN sys.dm_exec_sessions s ON s.session_id = r.session_id
CROSS APPLY sys.dm_exec_sql_text(r.sql_handle) t
ORDER BY r.cpu_time DESC;

Nínú cpu_time, 1000 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbójú lé ni dop, iye core tí kúẹ̀rì náà ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá rí 8 níbẹ̀, kúẹ̀rì kan ṣoṣo ti nawọ́ gba core mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó dá mi lójú pé ohun tí ẹ máa rí nìyẹn, àyàfi tí ẹnì kan bá ti yí i padà, torí nígbà tí wọ́n bá ń fi 2019 sórí ẹ̀rọ tó ní core mẹ́jọ, MAXDOP (òpin dop) 8 ni ètò náà fúnra rẹ̀ máa ń dábàá. Ẹ tún wo ìlà àwọn ọmọ olóògùn nínú èsì kan náà. Bí status wọn bá jẹ́ runnable, CPU ni wọ́n ń dúró dè. Bí wait_type wọn bá fi LCK bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ló ti nǹkan mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sí iye CPU tí ẹ lè dín kù tó máa yanjú ìyẹn.

Tó bá jẹ́ CPU lóòótọ́, Standard ti fún yín ní ọ̀nà kan láti 2016 tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ wọ dátábéèsì ẹgbẹ́, kí ẹ kọ:

ALTER DATABASE SCOPED CONFIGURATION SET MAXDOP = 1;

Láti ìṣẹ́jú yẹn, kúẹ̀rì kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ò ní lè kọjá core kan. Méje ṣẹ́kù. Olóògùn àti ilé-ẹ̀kọ́ wà bí wọ́n ṣe wà, torí dátábéèsì ẹgbẹ́ nìkan ni òfin yẹn dé. Tí akáǹtáǹtì bá ṣí fèrèsé mẹ́ta tó fa rípọ́ọ̀tì mẹ́ta, core mẹ́ta ló máa gbà, ìyẹn sì kúrò ní ọ̀rọ̀ sáfà, ó di ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ wá ṣọ́ra fún nǹkan kan tó máa ń mú àwọn èèyàn: dátábéèsì tí èèyàn dúró sí nígbà tó ń fa kúẹ̀rì ni sáfà ń wò, kì í ṣe ibi tí tábìlì wà. Bí akáǹtáǹtì bá wọ master, tó wá láti ibẹ̀ kọ egbe.dbo.owo, òfin yín ò bá a wí. Nítorí náà, ẹ fi dátábéèsì egbe ṣe ibi tí login egbe_rpt á máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹni tó bá sì mọ̀wé tó láti kọ OPTION (MAXDOP 8) sí ìparí kúẹ̀rì rẹ̀ á fò ó kọjá. Mi ò rò pé akáǹtáǹtì yín mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ́ ọ.

Rípọ́ọ̀tì náà á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún akáǹtáǹtì kí ẹ tó ṣe é, torí tó bá fúnra rẹ̀ ṣàkíyèsí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló máa gbà lọ.

Ibi tó ká mi lára jù lọ nìyí, mi ò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́ tó. Kúẹ̀rì tí ẹ bá dín CPU rẹ̀ kù, iṣẹ́ rẹ̀ ò dín kù. Ẹ̀yin ará Ilésà mọ òṣómàáló ju èmi ará Lágéré lọ: ẹni tó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò fún un lówó, ẹ ò fún un lómi, kò lọ, ó kàn máa pẹ́ níbẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé kíkà lásán ni kúẹ̀rì ń kà, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní rípọ́ọ̀tì èlé. Ṣé ó kàn ń ṣírò èlé ni, àbí ó tún ń kọ ọ́ sínú àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́? Nínú ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Tó bá jẹ́ UPDATE (àṣẹ tó ń yí àkọsílẹ̀ padà) kan tó kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, gbogbo ìlà tó bá ti fọwọ́ kàn ló máa tì pa títí iṣẹ́ á fi parí. Tí ìtìpa náà bá sì ti tó 5,000 lórí tábìlì kan, SQL Server á wò ó pé wọ́n pọ̀ jù láti máa kà, á kúkú ti odindi tábìlì pa. Bí ìyẹn bá máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá fi core kan dù ú kó di ogún, ìṣẹ́jú ogún ni ẹni tó wá fi owó pamọ́ máa dúró níwájú akápò. Olóògùn á máa tà, ẹgbẹ́ á máa jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pín UPDATE yẹn sí wẹ́wẹ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ 1,000 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ COMMIT (ìyẹn, kí ẹ fọwọ́ sí i) kí ẹ tó mú 1,000 míì. Ètò náà gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tó dé o, torí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní èlé lẹ́ẹ̀mejì. Fún èyí tó jẹ́ kíkà nìkan, ẹ tan READ_COMMITTED_SNAPSHOT lórí dátábéèsì egbe. Pípa ló máa ń wà nínú SQL Server tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé kalẹ̀. Tó bá ti tàn, ẹni tó ń kà á máa ka èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí kẹ́yìn, kò ní dí ẹni tó ń kọ lọ́wọ́. Inú tempdb, dátábéèsì ìgbà díẹ̀ tí SQL Server ń lò fúnra rẹ̀, ló máa ń kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sí, nítorí náà ẹ wo bí ààyè ṣe pọ̀ tó lórí díìsìkì kí ẹ tó tàn án.

Ẹ wá ṣí kúẹ̀rì náà fúnra rẹ̀ wò. Mo lè fojú inú rí i: WHERE YEAR(ojo) = 2025 AND MONTH(ojo) = 9. Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣe iṣẹ́ burúkú, ó kà dáadáa létí. Àmọ́ ó ti gbé fọ́ńkíṣọ̀n lé orí ojo, kò sí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí sáfà tètè rí nǹkan) tó lè bá sáfà wá ọjọ́ mọ́. Gbogbo owó tí ẹnikẹ́ni ti san láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni sáfà máa gbé wò, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, kó tó yọ ti oṣù kan. Ẹ yí i sí ojo >= '20250901' AND ojo < '20251001', kí ẹ sì rí i pé index wà lórí ojo. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí mo ti ń wí láti òkè má wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, inú mi á sì dùn.

Méjì kékeré tó kù: cost threshold for parallelism yín (bí kúẹ̀rì ṣe gbọ́dọ̀ wọ́n tó kó tó lè lo ju core kan lọ) á ṣì wà ní 5, iye tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì lágbára tó báyìí. Ẹ gbé e lọ sí 50, kí kúẹ̀rì kékeré yéé pe core mẹ́jọ jọ. Ẹ máa rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní query governor cost limit, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ìméfò ló fi ń ṣiṣẹ́: kúẹ̀rì ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó ti máa sọ pé ó wọ́n jù, á sì lé e padà, nígbà míì ẹni tí kò ṣẹ̀ ló máa lé.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí aago méjì òru, SQL Server Agent sì wà nínú Standard láti ṣe é. Ó dára, bí inverter yín bá lè dé aago méjì òru. Ẹ̀yin lẹ mọ bí iná ṣe ń rí ní Ìsọ̀kun.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé, Parakin ni mò ń gbé. Kíláàsì wa ní sáfà Postgres 16 (ètò dátábéèsì ọ̀fẹ́) kan lórí Ubuntu, ẹ̀yà Linux, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ torí pé mo láptọ́ọ̀pù tó dáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ tábìlì méjì ńlá sínú FROM, ó gbàgbé WHERE tó yẹ kó so wọ́n pọ̀, wọ́n wá ń sọ ara wọn di púpọ̀, fáànù ẹ̀rọ náà ń ké bí ọkọ̀ òfuurufú, kò sẹ́ni tó lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo fi kill -9 pa á, gbogbo èèyàn já kúrò! Báwo ni mo ṣe lè fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́wàá CPU?
Ọmọ Kíláàsì

Àbúrò mi, o kú ìdúró ti ẹgbẹ́ rẹ. Kí n kọ́kọ́ mú ti kill -9 kúrò nílẹ̀. Ní Postgres, ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ló ní process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ fún un) tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú ikú òjijì bẹ́ẹ̀, àgbà wọn ò mọ̀ bóyá ó ti ba nǹkan jẹ́ nínú ìrántí tí wọ́n jọ ń lò, nítorí náà á lé gbogbo èèyàn jáde, á tún bẹ̀rẹ̀. pg_cancel_backend ni kí o máa lò. Bí kò bá gbọ́, pg_terminate_backend.

Postgres fúnra rẹ̀ ò mọ ìdá mẹ́wàá CPU. Àsìkò ló mọ̀. Kọ ọ́ báyìí:

ALTER ROLE akeko SET statement_timeout = '30s';
ALTER ROLE akeko SET max_parallel_workers_per_gather = 0;

Ti èkejì, 2 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé kúẹ̀rì kan lè di process mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá ń fi akeko kan náà wọlé, ìgbà yìí ló yẹ kí kálukú gba tirẹ̀, kí o sì fún wọn ní CONNECTION LIMIT 3. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ fún ọ kí ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ fún ọ: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ SET statement_timeout = 0 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Òun fúnra rẹ̀ lè yí i padà, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. temp_file_limit, òpin ààyè tó lè fi ṣe fáìlì ìgbà díẹ̀, ni kò lè fọwọ́ kàn, superuser (ọ̀gá Postgres) tàbí ẹni tí wọ́n bá fún láṣẹ nìkan ló lè yí i, ìyẹn á sì gba díìsìkì rẹ lọ́wọ́ irú JOIN ọjọ́sí.

Tí o bá fẹ́ òrùlé gidi, ọ̀dọ̀ Linux ni kí o lọ. Dá cluster (odindi Postgres tó dá dúró) míì sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, kí ohun tí olùkọ́ ń lò wà lọ́tọ̀:

sudo pg_createcluster 16 akeko
sudo systemctl start postgresql@16-akeko
sudo systemctl set-property postgresql@16-akeko CPUQuota=200%

200% yẹn, core méjì ni, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ní mẹ́jọ. Kí wọ́n jọ máa jà á láàárín ara wọn níbẹ̀, olùkọ́ ò ní mọ̀. Ẹnì kan lè ní kí o lo renice lórí process ẹni tó ń yọni lẹ́nu. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí o sọ di ẹni ẹ̀yìn bá di lock (ìtìpa) kan mú, àwọn ẹni iwájú á máa dúró dè é, òun ò sì ní rí CPU tó fi máa parí kó tú u sílẹ̀.

*

Onísáfà, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ẹ̀núwá, ọmọ mi ṣe ìkànnì kan fún mi, mo sì sanwó odidi ọdún fún ilé-iṣẹ́ tó gbé e síta. Bí èèyàn bá ti pọ̀, á kọ 508, á ní mo ti lo ìwọ̀n mi tán. Ìwọ̀n wo?
Ìyá Alàdìrẹ

Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà á jèrè. Ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn míì lẹ jọ wà lórí sáfà kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń háyà irú ààyè bẹ́ẹ̀ ń lo CloudLinux, tó máa ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n CPU tirẹ̀, tí 100% níbẹ̀ sì jẹ́ core kan ṣoṣo. Àmọ́ CPU tó tán kọ́ ló ń kọ 508 gan-an. Bí CPU bá tán, wọ́n kàn máa ń mú yín falẹ̀ ni. Bí ìkànnì bá ti wá ń falẹ̀, ẹni tó wọlé kì í tètè jáde, àwọn tuntun ń dé, iye èèyàn tí wọ́n ní kó wà nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà á kún, ìgbà yẹn ni 508 á yọjú.

Ẹ ní kí ọmọ yín wo Resource Usage nínú cPanel, ojú ewé tí wọ́n fi ń darí ìkànnì, á rí wákàtí tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ó wá wo àpótí tí wọ́n fi ń wá aṣọ. Bí ó bá jẹ́ LIKE '%kámpálà%' ló kọ síbẹ̀, gbogbo ọjà yín ni dátábéèsì ń tú wò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ nǹkan. Kí ó bi ilé-iṣẹ́ náà fún àkọsílẹ̀ àwọn kúẹ̀rì tó pẹ́. Ẹ má tíì sanwó kún owó o.

*

MySQL 8, ètò dátábéèsì míì, ni mò ń lò. Mo fi max_execution_time (àkókò tó pọ̀ jù tí kúẹ̀rì lè lò) sí 5000, UPDATE kan ṣì ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ. Kí ló fà á?
Modákẹ́kẹ́

SELECT nìkan ló ń bá wí. UPDATE, DELETE, INSERT, kò rí wọn. Ti MariaDB, ìbátan MySQL, max_statement_time, ń mú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń kà, nígbà tó jẹ́ pé ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni MySQL fi ń kà. Bí ẹ bá gbé 5000 yín lọ síbẹ̀ bó ṣe wà, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti di wákàtí kan ó lé.

Fún CPU gan-an, MySQL 8 ní resource group:

CREATE RESOURCE GROUP iseru TYPE = USER VCPU = 3 THREAD_PRIORITY = 10;

Láti 0 ni wọ́n ti ń ka core, nítorí náà ìkẹrin ni 3 yẹn. Ibẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ òru tí ẹ bá yàn sínú ẹgbẹ́ yìí á máa jókòó sí. Ní Linux, bí ẹ ò bá fún mysqld (ètò MySQL fúnra rẹ̀) ní àṣẹ CAP_SYS_NICE, kò ní ka THREAD_PRIORITY yẹn sí, ìkìlọ̀ kan lásán ló máa fún yín.

UPDATE tó ń lọ lọ́wọ́ yẹn, KILL QUERY lè dá a dúró, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, InnoDB, apá tó ń tọ́jú dátà nínú MySQL, á kọ́kọ́ dá gbogbo ohun tó ti kọ padà, ìyẹn náà á sì gba CPU. Ẹ má pa sáfà torí ẹ rò pé ó ti há. Tó bá jí, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.